504 tí a tún ṣe ń gbóná: ẹ wádìí ìgbà tó ń gbóná kí ẹ tó ra rédíétọ̀

Ó ṣòro kí a rí àgbàlagbà kan ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ tí kò tíì wọ Peugeot 504 rí. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná, ní Nàìjíríà tó múlé tì wá. Familiale ló ń kó èrò, bâchée ló ń kó iṣu àti àgbàdo wá sí ọjà. Ní báyìí, àwọn kan ti ń wá ògbólógbòó 504 jáde, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń kùn ún lọ́dà, wọ́n sì ń fi í yangàn níbi ìnáwó.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kó sínú ìṣòro kan náà. Ọkọ̀ á máa dán, àga rẹ̀ á jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n kò ní tíì rìn jìnnà tí géèjì ooru á fi wọ ibi pupa. Ẹni tó ni ín á ra rédíétọ̀, pàbó. Á ra pọ́ǹpù omi, pàbó. Owó ń lọ, ooru ò lọ. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì 504, tó jẹ́ alumíníọ̀mù, lè tẹ̀ tàbí kó là, gbogbo ìnáwó àtẹ̀yìnwá á sì di òfo. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùkà wa bí a ṣe ń wá orísun ooru náà kí a tó tú nǹkan kan.

Ìgbà wo ló ń gbóná?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Kútọnù, tó sì ń tutù padà bó bá ti ń sáré, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Nígbà tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Fáànù ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ balẹ̀ nínú ìlú, tó wá ń gbóná nígbà tó bá gbé ẹrù láti Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu, omi ni kò yí po dáadáa. Ó lè jẹ́ pé rédíétọ̀ ti dí nínú, bẹ́líìtì ń yọ̀, tàbí pọ́ǹpù omi ti jẹ. Ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà omi ìsàlẹ̀ ti rọ̀ débi pé ó ń lẹ̀ pọ̀ nígbà tí pọ́ǹpù bá ń fa omi. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń tan ènìyàn, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, rọ́bà náà á padà bó ṣe wà.

Bí géèjì bá ròkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a tan ọkọ̀, tí rọ́bà omi òkè rédíétọ̀ sì tutù, tẹmosítáàtì ni kò ṣí, tàbí kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ há sínú ọ̀nà omi.

Bí omi bá ń dín kù láìsí ibi tó ń jò, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, tàbí tí epo ẹ́ńjìnnì ń funfun bíi wàrà, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí a mọ̀ sí joint de culasse, ló yẹ kí a fura sí.

Fáànù tó ń tanni

Lára ọ̀pọ̀ 504 tó ń lo ẹsáǹsì, fáànù kì í sáré nígbà gbogbo. Mágínẹ́ẹ̀tì oníná kan wà nídìí rẹ̀. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, ohun kékeré tó ń mọ ooru lára rédíétọ̀ á jẹ́ kí iná dé ọ̀dọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì náà, yóò sì gbá fáànù mú kó máa sáré. Bí wáyà bá já, bí kábọ́ọ̀nù kékeré tó ń gbé iná bá jẹ tán, tàbí bí àlàfo àárín mágínẹ́ẹ̀tì àti fáànù bá fẹ̀ jù, fáànù á kàn máa yí jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá wò ó láìmọ̀ á ní ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ lójú kan títí géèjì á fi ròkè díẹ̀, kí ẹ sì jìnnà sí fáànù náà. Ó yẹ kí ariwo rẹ̀ yí padà lójijì. Bí kò bá yí padà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ni kí ẹ pè.

Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí tí a tún ṣe?

Ọkọ̀ tó ti wà lójú kan fún ọdún púpọ̀ máa ń dípẹtà nínú ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ̀dà tuntun kò dé. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ìpẹtà náà á ṣí, á sì lọ dí àwọn ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀. Ẹni tó ra rédíétọ̀ tuntun láìfọ inú ẹ́ńjìnnì ti ra ohun tí yóò tún dí.

Bí wọ́n bá sì tú orí ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí wọ́n tún àwọn bóòtì rẹ̀ dè lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, bí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà ṣe sọ. Bákan náà, bí iná púlọ́ọ̀gì bá ń pẹ́ jù kó tó ṣáná, tàbí tí ẹsáǹsì tí kábúrétọ̀ ń fún un kò tó, ẹ́ńjìnnì á gbóná bí omi tilẹ̀ kún.

Ẹ má yọ tẹmosítáàtì dà nù

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ gáréèjì ló ń yọ ọ́, wọ́n ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì nílò ìwọ̀n ooru tirẹ̀. Bó bá tutù jù, ó ń jẹ ẹsáǹsì, ó sì ń tètè gbó. Ẹ fi okùn gbé tẹmosítáàtì náà kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣí ní nǹkan bíi 80 sí 90°C. Bí omi bá hó tí kò ṣí, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ìdérí rédíétọ̀ náà ṣe pàtàkì. Omi lásán ń hó ní 100°C, àmọ́ ìdérí tó dára ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kó lè kọjá ìwọ̀n yẹn láìhó. Omi àtutù tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀ ń dènà ìpẹtà ju omi kànga lọ. Ṣùgbọ́n májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn.

Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà

Ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ibẹ̀ kò bá ṣeé dúró sí, ẹ ṣí híítà ọkọ̀ pátá títí ẹ ó fi rí ibi tó dára. Ó ń gba ooru díẹ̀ kúrò lára omi. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀, nítorí omi abẹ́ rẹ̀ lè gbóná ju omi híhó lọ, ó sì lè bó ènìyàn lójú àti láyà. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán. Ẹ má sì da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná, kí orí rẹ̀ má bàa là.

Ohun tí owó rẹ̀ kéré ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ìdérí, bẹ́líìtì, rọ́bà, wáyà fáànù, àti géèjì fúnra rẹ̀, torí òun náà lè máa purọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á kan rédíétọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà wo ló gbóná, ojú ọ̀nà wo ni, ṣé ẹrù wà nínú rẹ̀? Bí ẹ bá mú ìdáhùn yẹn dání lọ sí gáréèjì, mẹkáníìkì yín á mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà á sì mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún.