Ọnà Èdè àti Àròkọ: Àtúnyẹ̀wò fún Ìdánwò

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí a rò pé a wà ní Àgọ́-Àrẹ, ní Òkè-Ògùn, ní àsìkò ọyẹ́. Koríko ọ̀dàn ti gbẹ, àwọn àgbẹ̀ sì ń wa iṣu. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ sọ bí ọyẹ́ náà ti rí, kí ni ẹ ó kọ? Ẹni tí ó kọ pé 'Ọyẹ́ mú púpọ̀' kò purọ́, ṣùgbọ́n òtútù kò ní mú ẹni tí ó ń kà á. Ọnà èdè ni ó ń mú ọ̀rọ̀ yéni yékéyéké. Ẹ jẹ́ kí a yẹ mẹ́rin wò.

1. Àfiwé tààrà: 'Ètè mi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.' Ọ̀rọ̀ náà 'bí' ni ẹ ó fi dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! 'Délé ga bí Ṣọlá' kì í ṣe ọnà èdè. A kàn fi ènìyàn wé ènìyàn ni. 'Délé ga bí ọ̀pẹ' ni ọnà èdè, nítorí pé irú ohun méjèèjì yàtọ̀.

2. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́: 'Kìnnìún ni bàbá wa.' Kò sí 'bí' níbẹ̀.

3. Ìfohunpènìyàn: 'Ọyẹ́ kan ilẹ̀kùn wa ní ìdájí.' A fún ọyẹ́ ní ìṣe ènìyàn.

4. Àsọdùn: 'Mo gbọ̀n títí gbogbo ìlú fi gbọ́ ìró eyín mi.'

Ẹ ó tún bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. 'As' àti 'like' ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ti ń lo 'bí'. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tú 'ojúkòkòrò' bẹ́ẹ̀, ojú kòkòrò gidi ni òǹkàwé yóò máa wá kiri.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ àròkọ, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìlapa èrò. Bí àkọlé bá jẹ́ 'Ọjọ́ Ọjà ní Ìlú Wa', ẹ lè tò ó báyìí:

(a) ìfáárà: bí àwọn ènìyàn ti ń dé ní òwúrọ̀;
(b) àárín: ohun tí wọ́n ń tà, bí iṣu, láfún, irú àti òrí;
(d) ìparí: bí ọjà ti ń tú.

Kókó kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá parí, ẹ tún un kà, kí ẹ sì wo àmì ohùn. Bí kò bá sí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá 'igbá' ni ẹ rà tàbí 'igba' nǹkan?

Ìdánrawò
1. Ǹjẹ́ 'Ṣadé sanra bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀' jẹ́ ọnà èdè? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Irú ọnà èdè wo ni 'Oòrùn ń rẹ́rìn-ín sí wa'?
3. Ṣe ìlapa èrò fún àròkọ yìí: 'Òjò Àkọ́rọ̀ ní Ìlú Wa'.