Eyín àti Oúnjẹ Ọ̀gànjọ́

Nígbà tí eyín bá ń dun ọmọ ní òru, ohun tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá a máa wí ni pé kòkòrò ni ó ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, kì í sì í ṣe eyín ni ó ń jẹ. Ṣúgà àti ìyókù oúnjẹ tí ó lẹ̀ mọ́ eyín ni oúnjẹ rẹ̀. Nínú ìwọ̀nyí ni ó ti ń ṣe omi kíkan tí í máa yọ́ ara eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi luhò. Ní ọdún 1944, Robert Stephan, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí ṣúgà bá kan eyín ni kíkan náà ń dé góńgó, ó sì lè tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọlẹ̀.

Ohun tí ó ń mú un rọlẹ̀ ni itọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti sùn, itọ́ a dín kù gidigidi, bí odò kékeré nígbà ọyẹ́. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ń gbẹ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹni tí ó tètè jẹ oúnjẹ alẹ́ ti fún itọ́ ní àyè láti ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó mu gàrí oníṣúgà ní ọ̀gànjọ́, tí ó sì bọ́ sórí ẹní, ti sé àwọn kòkòrò wọ̀nyí mọ́ ẹnu pẹ̀lú àsè títí di òwúrọ̀.

Àwọn ọmọdé ni ó ń jìyà jù. Ìyá tí àárẹ̀ oko mú a fi ìgò ògì oníṣúgà sí ọmọ lẹ́nu kí ó lè dákẹ́, ọmọ a sì sùn tòun ti ìgò. Eyín iwájú ti òkè ni ó sábà ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àwọn kan a ní kò burú, ọmọ yóò ṣáà pààrọ̀ eyín náà. Ọ̀rọ̀ àìmọ̀ ni èyí: ọmọ tí eyín ń dùn kò lè jẹun, kò lè sùn, bí ọyún bá sì gbá jọ lábẹ́ eyín yẹn, ó lè ba èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́.

Orín òwúrọ̀ jẹ́ àṣà rere, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ nìkan kò tó. Kí olúwarẹ̀ fọ eyín lẹ́yìn oúnjẹ ìkẹyìn, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride bí ó bá rí i. Lẹ́yìn èyí, omi lásán ni kí ó tún kan ẹnu. Aáṣáà tí àwọn mìíràn ń ki bọ ihò eyín kì í wò ó sàn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ibà sì dé, kí òbí má ṣe dúró de ọjọ́ ọjà; ilé ìwòsàn ni kí ó gbé ọmọ lọ ní ọjọ́ náà gan-an.