Nígbà tí Amẹ́ríkà Tò Sórí Ìlà Lọ́sàn-án Gangan

Ṣé àwọn ọmọdé ti sùn? Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ, tí ẹ ti láya, ẹ sún mọ́ iná, ọ̀rọ̀ àgbà lèyí.

Láti 1934 ni òfin kan ti de sinimá Hollywood lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Hays Code ni wọ́n ń pè é. Ó le débi pé tọkọtaya inú fíìmù pàápàá, bẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ fún wọn. Ní 1968, wọ́n pa òfin náà tì, wọ́n wá ń fi lẹ́tà sàmì sí fíìmù. X ni ti èyí tí ọmọdé ò gbọdọ̀ wò. Midnight Cowboy gba X ní 1969. Nígbà tó di oṣù kẹrin 1970, òun ló gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ! Fíìmù gidi ni o, kì í ṣe bùlúù fíìmù. Àmọ́ kò sófin tó ní kí ẹlòmíì má lo X yẹn, làwọn oníbùlúù fíìmù bá gbé e. Nígbà tí ẹyọ kan ò tó wọn, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta.

Ẹ wá gbọ́. Ní oṣù kẹfà 1972, ilé sinimá New World ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi Deep Throat hàn. Bùlúù fíìmù pọ́ńbélé! Tẹ́lẹ̀, ńṣe lẹni tó fẹ́ wo irú ẹ̀ máa ń fi fìlà bojú, táá yọ́ wọlé. Èyí yàtọ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń tò: oníṣòwò, òǹkọ̀wé, ọmọge àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1973, New York Times kọ ọ́ pé ó ti di oge. Ní oṣù kẹta, adájọ́ Joel Tyler dá ilé sinimá náà lẹ́bi, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kódà, nígbà tí akọ̀ròyìn Bob Woodward ń tú àṣírí Watergate, ìwà ìbàjẹ́ ìjọba Nixon, orúkọ fíìmù yìí ni wọ́n fi pe ẹni tó ń ta á lólobó, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Watergate ọ̀hún ló lé Nixon kúrò nípò ààrẹ ní 1974.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti obìnrin inú fíìmù náà. Linda Lovelace lorúkọ tí wọ́n fún un. Ní 1980, ó kọ̀wé pé ọkọ òun ló ń lu òun, ló ń fi ìbọn halẹ̀ mọ́ òun kí òun tó ṣe é, pé 1,250 dọ́là tí wọ́n san, ọkọ ló kó o. Àwọn èèyàn padà lọ wo fíìmù náà. Àpá lílù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kedere. Gbogbo èrò tó tò yẹn ló ti fojú kàn án, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ sílé. Ní 1986, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń wo fíìmù náà, ìfipábánilòpọ̀ ló ń wò.