BÍ A TI Í WÁ ORÍSUN Ọ́ÌLÌ TÍ Ń JÒ LÁRA KATAKATA ÀTIJỌ́

Ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tí ó ti ń jáde. Èyí ni àgbẹ̀ tí ń fi katakata àtijọ́ roko ní agbègbè Ìbàdàn gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ó tó sáré lọ ra rọ́bà ìdènà ọ́ìlì ní ọjà Àrárọ̀mí ní Agodi Gate. Ọ́ìlì a máa ṣàn lọ sísàlẹ̀, atẹ́gùn fáànù a sì máa gbá a sẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù, kí a fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì wẹ̀ ẹ́, kí a nù ún gbẹ, kí a sì bu ẹfun lílọ̀ sí i lára. Lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí a pa á, kí a máa wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí ẹfun bá ti kọ́kọ́ tutù ni orísun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó tú nọ́ọ̀tì kan, ẹ jẹ́ kí a wo ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Eruku ọ̀gbẹlẹ̀ a máa dí i. Atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì kò ní rí ọ̀nà jáde, yóò sì ti ọ́ìlì gba etí rọ́bà. Bí ihò yìí bá dí, rọ́bà tuntun pẹ̀lú yóò jò.

Lábẹ́ Massey Ferguson 135, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1964, láàárín ẹ́ńjìnnì àti àpótí jíà, ihò kékeré kan wà. Bí ọ́ìlì dúdú bá ń kán níbẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì ni. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá mọ́ díẹ̀, ti jíà ni. Èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, a ní láti pín katakata náà sí méjì, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan.

Èyí tí ó burú jù ni ti ìdí táyà ẹ̀yìn, nítorí pé ọ́ìlì ibẹ̀ a máa wọ inú bírékì. Bírékì kan yóò mú, èkejì kò ní mú, katakata yóò sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Kí a má ṣe gbé e jáde títí a ó fi pààrọ̀ rọ́bà náà àti awọ bírékì tí ọ́ìlì ti rin.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ wá ibi tí ọ̀pá ọ́ìlì tí ń gbé ohun èlò sókè ti ń jò. Páálí ni kí ó lò. Agbára ọ́ìlì náà lè gún awọ ara wọlé. Ojú rẹ̀ a rí bí ojú ẹ̀gún, ó sì lè má dunni ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè gba ọwọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Kí a gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, kí a sì sọ fún dókítà pé ọ́ìlì ni ó gún un.