Bí Ewì Ọmọ-Ogun Ṣe Di Orin Ọ̀fọ̀

Orin kì í ṣe ohun ìdárayá nìkan. A ń fi orin gbé ìyàwó, a ń fi í sọ ọmọ lórúkọ, a sì ń fi í sin òkú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, orin tí a fi ń sin òkú ni ó ṣòro jù láti dá. Bí ó bá dùn jù, yóò dà bí ẹni pé a ń fi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ igbe àti ẹkún nìkan, etí kò ní lè gbà á pẹ́. Ìṣòro yìí a máa pọ̀ sí i nígbà tí òkú kò bá jẹ́ ẹnì kan, tí ó jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ogun pa. Báwo ni ènìyàn ṣe lè fi ohùn àwọn akọrin àti ti ohun-èlò orin gbé irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ láìṣe àgàbàgebè? Ìdáhùn kan wà nínú iṣẹ́ ńlá tí Benjamin Britten, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní gbangba ní ọdún 1962. War Requiem ni orúkọ tí ó fún un, èyí tí í ṣe Mísà fún àwọn òkú ogun.

Ìlú Coventry ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú yìí wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lókìkí fún iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ọkọ̀. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù lé ìlú náà lórí títí ilẹ̀ fi ń mọ́ bọ̀. Àwọn tí ó kú lé ní 500. Kàtídírà Máíkẹ́lì Mímọ́, tí wọ́n ti kọ́ láti ayé àtijọ́, jóná. Ògiri rẹ̀ àti ilé gogoro tí agogo wà nínú rẹ̀ ni ó kù lóòró. Nígbà tí ogun parí, àwọn ará ìlú kò wó ahoro náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ kàtídírà tuntun sí, kí ẹni tí ó bá ń lọ sínú tuntun lè máa rí àpá tí ogun dá sára ti àtijọ́. Ní ọdún 1958 ni àwọn tí ń ṣètò àjọ̀dún ìyàsímímọ́ ilé tuntun náà bẹ Britten pé kí ó dá orin ńlá kan fún wọn.

Britten kì í ṣe ẹni tí a lè bẹ̀ pé kí ó wá yin ogun. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti kórìíra ìtàjẹ̀sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kọ̀ láti gbé ohun ìjà, ó sì fi ìdí rẹ̀ hàn níwájú àwọn tí ìjọba yàn láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1945, òun àti Yehudi Menuhin, ògbóǹtagí nínú títa fayolíìnì, lọ sí Bergen-Belsen ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí àwọn Násì ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, wọ́n sì ṣeré fún àwọn tí ó kù láàyè níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú èyí kò lè fi ìlù àti fèrè ṣògo. Ohun tí ó ń wá ni ọ̀rọ̀ tí yóò lè gbé ìwúwo ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ṣú òkùnkùn, à bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́. Britten bẹ ọ̀rọ̀ ogun wò lábẹ́, ó sì rí i pé ẹni tí ó jà ni ó yẹ kí ó sọ ọ́. Nítorí náà ó yan ewì Wilfred Owen. Ọdún 1893 ni wọ́n bí Owen. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1915, ó sì jà ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní 1917, ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ da ọkàn rẹ̀ rú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Craiglockhart ní Edinburgh. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Siegfried Sassoon, ọmọ-ogun àti akéwì bíi tirẹ̀, ẹni tí ó kì í láyà láti kọ òtítọ́ nípa ogun. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sójú ìjà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1918, ìbọn pa á létí odò àgbẹ́ṣe tí ń jẹ́ Sambre-Oise. Ọmọ ọdún 25 ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà ni ogun parí. Ọjọ́ tí agogo sì ń dún fún àlàáfíà gan-an ni ìwé ìtúfọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Díẹ̀ ṣínṣín nínú ewì rẹ̀ ni a ti tẹ̀ jáde kí ó tó kú.

Mẹ́sàn-án ni ewì tí Britten mú nínú ìwé Owen. Ẹlòmíràn ìbá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí ó sì fi orin sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Britten kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú àdúrà Mísà fún àwọn òkú, tí ìjọ Kátólíìkì ti ń gbà ní èdè Látìn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wá, ó sì fi àwọn ewì náà há àárín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì wá dojú kọ ara wọn. Àdúrà ń tọrọ ìsinmi ayérayé fún òkú. Kí ó tó parí dáadáa, ewì dìde, ó ní ìró ìbọn nìkan ni orin ìsìnkú tí àwọn tí ó kú lójú ogun gbọ́. Níbòmíràn, àwọn akọrin ń sunkún ní èdè Látìn nítorí ọjọ́ ìdájọ́. Láàárín ẹkún náà ni ewì ti ń sọ nípa òkú ọmọ-ogun kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé sínú oòrùn, bóyá oòrùn tí ó máa ń jí i nílé yóò tún lè jí i. Bí ewì bá dá dúró, ìbínú rẹ̀ nìkan ni a ó gbọ́. Bí àdúrà bá dá dúró, ó lè di ohun tí a fẹnu lásán kà. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ni olùgbọ́ tó mọ̀ bí àdúrà náà ti ṣòro tó láti gbà tọkàntọkàn.

Kí ìyàtọ̀ yìí lè yé olùgbọ́, Britten pín àwọn tí yóò ṣeré sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ akọrin ńlá pẹ̀lú obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ga, àti ọ̀kẹ́sítírà ńlá tí ó kún fún ìlù, kàkàkí, fèrè àti fayolíìnì. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ Látìn. Ẹ̀kejì ni àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n dúró sí òkèèrè pẹ̀lú dùùrù. Látìn ni àwọn náà ń kọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn ń dún bí ohùn ẹni tí ìyà ayé kò tíì kàn. Ẹ̀kẹta ni ọkùnrin méjì tí ń kọ ewì Owen ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan pẹ̀lú ohùn òkè, èkejì pẹ̀lú ohùn tí ó rẹlẹ̀. Ènìyàn 12 péré ni ó ń ta ohun-èlò fún àwọn méjì yìí. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ewì tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ewì mọ́, bí àwọn onílù bá sì pọ̀ jù, wọn yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ewì dá orin ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ó yẹ kí àwọn onílù dákẹ́ sí.

Òkùnkùn tí ó wà nínú orin náà ń kọ́? Kì í ṣe ariwo ni ó mú un wá. Bí a bá ka ohùn orí dùùrù láti ohùn kan títí dé ibi tí ohùn náà tún ti padà wá lókè, ìgbésẹ̀ 12 ni. Britten mú ohùn méjì tí ìgbésẹ̀ 6 géérégé wà láàárín wọn. Ẹni tí ó mọ sọ́ífà lè kọ do àti fe tẹ̀lé ara wọn kí ó sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ohùn méjèèjì kò rẹ́. Etí ń dúró pé kí ọ̀kan yẹ̀ lọ síbi tí ìsinmi wà, kò sì yẹ̀. Ó dà bí aláàárù tí ẹrù wà lórí rẹ̀ tí kò rí ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́. Ohùn méjì yìí ni agogo ń lù ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, òun náà ni àwọn akọrin fi ń tọrọ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń wí pé ìsinmi, ohùn wọn sì ń wí pé kò tíì sí. Ìgbà mẹ́ta péré nínú gbogbo iṣẹ́ náà, tí ó gùn tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú bíi 25, ni àwọn akọrin fi ohùn jẹ́jẹ́ kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ohùn ti rẹ́ pọ̀.

Ibi tí ó le jù nínú rẹ̀ ni ìtàn Ábúráhámù. Mísà rán Ọlọ́run létí ìlérí tí ó ṣe fún Ábúráhámù àti irú-ọmọ rẹ̀, àwọn akọrin sì ń fi ayọ̀ kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni ewì Owen gba ìtàn náà sọ. Gbogbo ẹni tí ó ka Bíbélì ni ó mọ̀ pé áńgẹ́lì dá ọwọ́ Ábúráhámù dúró, tí àgbò fi rọ́pò Ísáákì. Nínú ewì Owen, áńgẹ́lì ké, àgbò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n baba kò gbọ́. Ó pa ọmọ rẹ̀, ó sì pa ìdajì ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú. Bí àwọn ọkùnrin méjì náà ti ń kọ èyí tán ni ohùn àwọn ọmọdékùnrin jáde láti òkèèrè, wọ́n ń kọ orin nípa ẹbọ tí a mú wá fún Ọlọ́run. Kò sí ẹni tí ó tún ń béèrè pé ta ni ẹbọ náà.

Britten tún fi yíyan àwọn tí yóò kọrin sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Jámánì àti ọmọ Rọ́ṣíà jọ dúró kọ ọ́, nítorí pé ogun ti jẹ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta run. Peter Pears ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Dietrich Fischer-Dieskau, tí ó ti jẹ́ ọmọ-ogun Jámánì tí àwọn Amẹ́ríkà sì mú lẹ́rú, ni ọmọ Jámánì. Galina Vishnevskaya, ẹni tí ìyà ìdótì Leningrad jẹ nígbà èwe rẹ̀, ni ìbá ṣojú Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wá. Heather Harper, ọmọ Àríwá Ireland, ni ó kọ́ orin náà láàárín ọjọ́ 10 tí ó sì gba ipò rẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni gbogbo ọ̀nà ń wọ̀. Ní apá ìkẹyìn, ìlù bẹ̀rẹ̀ bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ogun tí ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó ń yára sí i, ó ń pọ̀ sí i, títí gbogbo ilé fi kún fún ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀, ilẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Ewì tí ó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ogun kan bá ara rẹ̀ nínú ihò jíjìn lábẹ́ ilẹ̀, ó sì pàdé òkú ọkùnrin kan tí ó dá a mọ̀: ọ̀tá tí òun fúnra rẹ̀ pa ni. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ ti ẹni tí ó pa ènìyàn, ọmọ Jámánì sì ń kọ ti ẹni tí a pa. Kò sí ẹ̀san, kò sí èébú. Àwọn méjèèjì gbà láti jọ sùn. Nígbà náà ni àwọn ọmọdékùnrin gbé orin tí ó ní kí àwọn áńgẹ́lì sin òkú lọ sí párádísè. Akọrin ńlá dá sí i, ọ̀kẹ́sítírà méjèèjì dá sí i, gbogbo ẹgbẹ́ tí ó ti ń dá wà láti ìbẹ̀rẹ̀ sì wá jọ ń dún pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Britten kò jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Agogo tún lu ohùn méjì tí kò rẹ́ yẹn. Àwọn akọrin gbà á, wọ́n sì rọra sọ ẹrù náà kalẹ̀, orin sì tán.

Ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ nínú kàtídírà tuntun ní Coventry. Britten ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe pàtẹ́wọ́, nítorí náà kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu nígbà tí ó parí. Ní 1963 ni wọ́n gba orin náà sínú àwo, Vishnevskaya sì wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Láàárín oṣù márùn-ún, wọ́n ta 200,000.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kò mọ sí ti orin nìkan. Ewì tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ nípa ogun, tí kò pẹ́ láyé láti rí i nínú ìwé, di ohùn fún òkú ilẹ̀ púpọ̀ nítorí pé ẹnì kan fi sùúrù kà á, ó sì wá ibi tí ó yẹ kí a gbé e sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ̀fọ̀ ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ fi àdúrà bo ìbéèrè mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ìbéèrè lé àdúrà jáde. Kí ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi gbọ́ ara wọn.