Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Dá

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Sàngó-Ọ̀tà, tí ọ̀dọ́mọkùnrin ilé kejì ti ibi iṣẹ́ dé. Páànù ni ó gé e ní ìka. Ọgbẹ́ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìyá rẹ̀ ní ayé ni ó ń ṣe é, pé láti kékeré ni imú rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀.

Mo ní kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gírígírí, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀rọ̀ ayé kọ́.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí àwọn oníṣègùn ń pè ní plátílẹ́ẹ̀tì. Àwọn ni ń sáré dí ojú ọgbẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń di nǹkan mú dàbí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, irú rẹ̀ bí 80,000 sì wà lára ẹyọ kan ṣoṣo. Apá méjì ni ẹ̀mú ní, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà. Inú lọ́hùn-ún ni a ti ń kan apá méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó yọ síta. Bí ọ̀kan bá ní àbùkù, ẹ̀mú lè má sí níta rárá.

Ẹ̀mú náà kì í la ẹnu kiri, nítorí ẹ̀jẹ̀ ìbá dì mọ́ wa nínú iṣan. Ṣe ni ó ká jọ. Bí iṣan bá ya, tí ìròyìn dé, yóò nà ró, yóò la ẹnu, yóò sì gbá ohun kan bí okùn mú nínú omi ẹ̀jẹ̀, èyí tí à ń pè ní fibrinogen. Plátílẹ́ẹ̀tì kan di orí okùn mú, òmíràn di ìdí rẹ̀ mú, títí ihò yóò fi dí.

Ní 1918 ni Glanzmann, dókítà ará Switzerland, kọ̀wé nípa àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dá báyìí. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ẹ̀mú yìí ni wọn kò ní. Àrùn náà kò wọ́pọ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, bí ti SS.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀mú tirẹ̀ pé náà lè mú un sùn. Asipirín tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé mì nítorí ara ríro a máa dí ìròyìn tí ń jí i, fún bí ọjọ́ 7 sí 10. Ẹni tí dókítà fún ní tirẹ̀ nítorí ọkàn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ o.

Ẹni tí imú tàbí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, tàbí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, pàápàá kí ó tó yọ eyín. Ọmọ Sàngó yẹn ti lọ. Ó ń retí èsì.