Ẹ yẹ jìtá wò dáadáa kí ẹ tó dá iye lé e

Ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn olórin ni oníbàárà ẹni tó bá fẹ́ẹ́ máa tún jìtá oníná ṣe ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù. Ṣùgbọ́n jìtá olówó pọ́ọ́kú lè jẹ èrè oníṣẹ́ tó bá dá iye kó tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọrùn jìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá tẹ̀, ẹ rọra yí irin tó wà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má baà já. Igi máa ń súnkì lásìkò ọyẹ́, etí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn á sì yọ síta. Fáìlì ni kí ẹ fi fá a.

Ẹ fi okùn tuntun sí i, kí ẹ wá yẹ ohùn wò. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lókè irin kejìlá, kí ẹ ta á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tún un ta. Bí ohùn ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ga jù, ẹ sún irin tí okùn náà gbé orí lé nídìí jìtá sẹ́yìn. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ sún un síwájú.

Bí owó iṣẹ́ bá fẹ́ẹ́ ju owó jìtá lọ, ẹ sọ fún oníbàárà kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tù kan. Owó àyẹ̀wò nìkan ni kí ẹ gbà. Ẹni tí ẹ bá sọ òótọ́ fún á padà wá.